Ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ rìn nígbà tẹ́sẹ̀ wọn ṣì yá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́jọ́sí, ẹni tó kọ ọ́ ní kí ọ̀dọ́ tówó díẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ má ṣe fi rìnrìn àjò rárá, kó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe, kó kọ́lé, kó tọ́mọ, pé ayé ò ní sá lọ, tó bá wá fẹ̀yìn tì kó máa lọ síbi tó bá wù ú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ló máa kan sáárá sí i, ọ̀rọ̀ àgbà ló sì sọ lóòótọ́, mi ò bú u. Àmọ́ mi ò gbà fún un o. Ayé ò ní sá lọ, ara ńkọ́? Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ohun témi rí ni pé ọjọ́ orí téèyàn fi rìn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rìn jìnnà tó lọ, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílùú kejì tí wọ́n ti ń sọ èdè míì lọ́mọ ọdún 20 lè jèrè ju ẹni tó wọ bàálù yí ayé po lẹ́ni ọdún 65.

Wọ́n á ní ṣebí àgbà náà lè rìn. Ó lè rìn dáadáa, ó tiẹ̀ lówó tí ọ̀dọ́ ò ní, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ló máa sùn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 65 tó rí nǹkan tuntun, ọdún mélòó ló kù tó máa fi lò ó? Ẹni ọdún 22 tó rí nǹkan yẹn kan náà, ó ṣì ní bí ogójì ọdún níwájú tó máa fi ṣiṣẹ́, tó máa fi ṣòwò, tó máa fi tọ́mọ, tó máa fi dìbò pàápàá, gbogbo ẹ̀ ló sì máa ti inú ohun tó rí yẹn mú nǹkan.

Ẹ jẹ́ n mú Charles Darwin ṣe àpẹẹrẹ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ England tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, tó ṣàlàyé bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó wọ ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Beagle ní oṣù Kejìlá ọdún 1831. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó fi sílẹ̀ láàbọ̀, wọ́n wá ní kó lọ kàwé tó máa fi di àlùfáà, òun ẹ̀ wá rèé, kòkòrò ló ń ṣà kiri inú igbó. Nígbà tí ìwé dé pé kó wá bá wọn rìnrìn àjò yìí, bàbá ẹ̀ fàáké kọ́rí. Ó ní ìranù ni, ó ní kò ní láárí kankan, ó ní tó bá lọ kò ní lè fìdí kalẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀, ó tún ní ó máa bà á lórúkọ jẹ́ tó bá di àlùfáà lọ́la. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe ohun táwọn bàbá ṣì ń sọ títí dòní nìyẹn? Àbúrò ìyá ẹ̀ ọkùnrin kan, Josiah Wedgwood, ló mú gbogbo àwíjàre bàbá yìí, tó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà, ni bàbá bá yíhùn padà, òun náà ló tún wá ń sanwó ẹ̀.

Ọdún méjì ni wọ́n dá fún ìrìn yẹn, ó di ọdún márùn-ún kù díẹ̀. Òkun ń yọ ọ́ lẹ́nu, èébì lónìí èébì lọ́la. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò ní àwọn erékùṣù Galápagos lọ́dún 1835, ibẹ̀ náà lorúkọ ẹ̀ sì wá so mọ́ títí dòní. Ó padà délé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1836, ó jẹ́ ọmọ ọdún 27 nígbà yẹn, kò sì tún jáde kúrò ní Britain mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1882. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1859 tó da ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rú, ohun tó rí nígbà ọ̀dọ́ wà lára ohun tó fi kọ ọ́, torí àìsàn ti mú un mọ́lẹ̀ nígbà tó dàgbà, tí wọ́n bá ní kó dúró di ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì ni, ara yẹn ò ní gbọkọ̀ òkun mọ́ láé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé ọmọ olówó ni Darwin. Òótọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ ti Ibn Battuta, ọmọ Tangier ní Morocco. Ọmọ ọdún 21 lòun náà jáde nílé lọ́dún 1325, ó ń lọ sí Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó bá a rìn nígbà tó ń kúrò nílé. Mẹ́kà tó ní òun ń lọ yẹn ló di ìrìn tó lé ní ogún ọdún, ó dé India, ó dé Maldives, nígbà tó yá ó tún gba inú aṣálẹ̀ dé Mali. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn ẹ̀ ni pé kì í ṣe owó bàbá ẹ̀ ló ń ná kiri gbogbo ibi wọ̀nyẹn. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù kó tó kúrò nílé, ibi tó bá dé tí wọ́n bá nílò ẹ̀, iṣẹ́ dé nìyẹn, wọ́n fi í ṣe adájọ́ ní Delhi, wọ́n tún fi í ṣe é ní Maldives. Ọ̀dọ́ tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ náà lówó ọkọ̀ ẹ̀.

Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ sọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ di àṣà fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, látayébáyé ni wọ́n sì ti ń ṣe é, àwọn kan ṣì ń ṣe é bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Káfíńtà tàbí bíríkìlà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríídọ̀ọ̀mù, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí kò níyàwó, tí kò bímọ, tí kò sì jẹ gbèsè, á kúrò nílé fún ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ kan. Láàárín àkókò yẹn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlú ẹ̀ tó nǹkan bíi 50 kìlómítà. Á máa lọ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú fìlà dúdú àti ọ̀pá lọ́wọ́, á máa bá ọ̀gá tó bá gbà á ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tún tó ṣí lọ, ẹ sì má bi mí ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀ o torí wọn kì í gbé e dání. Ẹ wo àwọn nǹkan tí wọ́n kà sílẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ní yẹn, ìyàwó, ọmọ, gbèsè. Àwọn tó ṣe òfin yẹn mọ̀ pé àkókò kékeré kan wà láyé èèyàn tí kò tíì sí ẹrù lọ́rùn ẹ̀, tó bá kọjá lọ ó lọ nìyẹn. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tó ní kóun fi ọdún mẹ́ta rìn kiri, àwa náà la máa kọ́kọ́ kò ó lójú pé kò láàánú.

Àwọn ìjọba náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ìrìn àjò. Fíísà tí wọ́n ń pè ní Working Holiday tí Australia bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975, tó fàyè gba ọ̀dọ́ láti máa ṣiṣẹ́ kó sì máa rìn kiri, ọmọ ọdún 18 sí 30 ló wà fún, àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni wọ́n sún un dé 35 fún. Ẹni tó bá ti lé ní 35, àfi kó wá nǹkan míì ṣe. Mi ò ní tàn yín o, kì í ṣe gbogbo páàsìpọ́ọ̀tù ni wọ́n ń gbà fún un, ẹni tí tiẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ á wá ọ̀nà míì, bíi kó fi ìwé kíkà lọ tàbí kó lọ ṣèrànwọ́ níbì kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ Interrail náà, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1972, ọ̀dọ́ tí ò ju ọmọ ọdún 21 lọ nìkan ni wọ́n ń tà á fún, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, ó fi lè wọ ọkọ̀ kiri orílẹ̀-èdè 21 fún oṣù kan gbáko. Láti 2018 sì ni àwọn ará Yúróòpù tún ti ń fún àwọn ọmọ ọdún 18 kan ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lọ́dọọdún kí wọ́n lè lọ wo ilẹ̀ ẹlòmíì. Ìjọba kì í fowó ṣòfò sórí nǹkan tí ò bá ní èrè fún un, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n.

Ibi tí ọ̀dọ́ máa sùn gan-an, ẹnì kan ti rò ó fún wọn tipẹ́. Olùkọ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Richard Schirrmann ń kó àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ rìn kiri lọ́dún 1909, ni òjò líle bá ká wọn mọ́, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ṣófo ni wọ́n sá sí sùn mọ́jú. Òru yẹn ló ti rò ó pé ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ tó ń ṣófo nígbà ọlidé, kí ló dé tí wọn ò lè di ibùsùn fáwọn ọ̀dọ́ tó ń rìnrìn àjò. Lọ́dún 1912 wọ́n ṣí ọ̀kan tó dúró sójú kan nínú ilé olódi àtijọ́ tó wà nílùú Altena, bí àwọn họ́stẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tó fi kárí ayé. Yàrá kan náà lẹ máa jọ sùn, bẹ́ẹ̀dì orí ara wọn, ẹnì kan ń hanrun lókè ẹ, òmíì ń tú báàgì ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ sọ fún ẹni ọdún 60 pé kó wá sùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ èsì tó máa fọ̀! Ọ̀dọ́ á sùn síbẹ̀, á tún jí láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tuntun mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Lọ́dún 2013, Julia Zimmermann àti Franz Neyer tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìwà èèyàn ní yunifásítì ìlú Jena gbé iṣẹ́ kan jáde, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ṣọ́, àwọn kan lọ gbé lókè òkun fún sáà kan tàbí ọdún kan, àwọn yòókù dúró sílé. Wọ́n rí i pé kí wọ́n tó lọ rárá làwọn tó máa lọ yẹn ti túraká sí èèyàn ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ò sì yani lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀, ọkàn wọn tún ṣí sí nǹkan tuntun sí i, wọ́n tún rọrùn ún bá gbé sí i, àyà wọn ò sì já mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí ló wá fà á? Àwọn èèyàn tuntun tí wọ́n bá ṣọ̀rẹ́ lọ́hùn-ún ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i báyìí, ilé gíga téèyàn lọ yà ní fọ́tò ò yí ìwà ẹnikẹ́ni padà. Ọmọ tó bá lọ tó jókòó ti fóònù, tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ilé sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó kàn ń yọjú síta láti ya fọ́tò tó máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ ẹ̀ ló ṣòfò yẹn, lórí ìyẹn èmi àti ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí lè jọ gbà.

Ètò Erasmus náà ń bẹ, èyí tí wọ́n fi ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì ní Yúróòpù. Lọ́dún 1987 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 láti orílẹ̀-èdè 11 ni, ní báyìí àwọn tó ti gbabẹ̀ kọjá ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ìwádìí tí European Commission, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, gbé jáde ní 2014 sọ pé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n jáde ìwé, àìríṣẹ́ṣe láàárín wọn fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn tí ò lọ. Ṣé ìrìn àjò yẹn nìkan ló fà á ni àbí àwọn ọmọ tó ti já fáfá tẹ́lẹ̀ ló ń lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì, mi ò ní bá yín búra sí i. Wọ́n tún fojú bù ú pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó tó mílíọ̀nù kan ti wáyé láàárín àwọn tó pàdé ara wọn lẹ́nu ètò yìí, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń béèrè ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ gbọ́ ti yín o.

Nǹkan míì wà tí ìwádìí ò lè wọ̀n. Nílé, orúkọ àwọn òbí wa máa ń ṣáájú wa dé ibi gbogbo. Ọmọ lágbájá ni ẹ́, àbúrò tàmẹ̀dù ni ẹ́, wọ́n ti mọ̀ ẹ́ kó o tó la ẹnu, wọ́n sì ti pinnu ohun tó o lè ṣe àtohun tó ò lè ṣe. Ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, ìwà ẹ nìkan ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Tó o bá jẹ́ ẹni tó máa ń pẹ́ débi iṣẹ́, kò sí ẹ̀gbọ́n tó máa bá ẹ bẹ ọ̀gá. Tó o bá ná owó ọ̀sẹ̀ méjì tán lọ́jọ́ mẹ́ta, ìwọ náà lo máa jókòó ti ebi yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ tí mo ń rìn kiri, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àjèjì láìtijú, pé ẹ jọ̀ọ́ mi ò mọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ tún un sọ. Ó dà bí nǹkan kékeré àmọ́ mo ti bá àwọn àgbà ọkùnrin ṣiṣẹ́ tí wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ nǹkan, iṣẹ́ á bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí dáa fún ọkùnrin, ọmọbìnrin ńkọ́. Olóòtú, ìtàn yìí kan ẹ̀yin oníwèé ìròyìn. Akọ̀ròyìn kan wà ní New York tó ń jẹ́ Nellie Bly, ó ní òun fẹ́ yí ayé po láàárín ọjọ́ tí ò ní tó 80. Ọ̀gá ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn New York World ní kò lè ṣeé ṣe, pé obìnrin gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dáàbò bò ó, àti pé ẹrù obìnrin á ti pọ̀ jù, ọkùnrin ni wọ́n máa rán. Bly ní ó dáa, ẹ rán an, ọjọ́ tó bá gbéra yẹn gan-an lèmi náà máa gbéra fún ìwé ìròyìn míì, màá sì ṣáájú ẹ̀ dé. Wọ́n gbà fún un nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1889 ló gbéra, ọmọ ọdún 25 ni, báàgì ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbé, ọjọ́ 72 ló sì fi yí ayé po. Ẹrù obìnrin tí wọ́n ní ó máa pọ̀ jù nìyẹn o! Mi ò sọ pé ewu ò sí fún ọmọbìnrin tó ń dá rìn, ó wà, ó sì ju ti ọkùnrin lọ. Kó máa débi tuntun lójúmọmọ, kí ẹnì kan nílé máa mọ ibi tó wà lójoojúmọ́, tí ara ẹ̀ bá sì ti kọ èèyàn kan tàbí ibì kan, kó kúrò níbẹ̀ láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n ní ó láfojúdi.

Ewu kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó bá ní òun ti bá ẹ ríṣẹ́ sókè òkun, tó ní kó o má sọ fáwọn ará ilé ẹ, tó lóun máa san gbogbo owó ẹ̀ kó o tó wá san án padà, tó tún wá fẹ́ bá ẹ tọ́jú páàsìpọ́ọ̀tù ẹ, ìyẹn kì í ṣe ìrìn àjò o, wọ́n fẹ́ tà ẹ́ ni. Sá. Páàsìpọ́ọ̀tù ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ. Má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù kọjá ẹnubodè tó ò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá arúgbó ló ń bẹ̀ ẹ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù, màá sáré sọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò ní jẹ́ kó o wọlé tí páàsìpọ́ọ̀tù ẹ bá máa kú láàárín oṣù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn ni kó o ti gbà á torí káàdì ẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, àmọ́ láti 2016 ẹ̀ẹ̀kan tó o gbà á yẹn ti tó títí ayé. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo fíísà kan náà, ọjọ́ 90 nínú 180 ni wọ́n ń fún àlejò, má sọ pé o ò mọ̀ kó o wá dúró kọjá ẹ̀, torí orúkọ ẹ á wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sì ti kọ irú ẹ̀ mọ́ lọ́mọ ọdún 21, ó máa ṣòro fún un láti gba fíísà fún ìgbà pípẹ́. Tí gbogbo èyí bá pọ̀ jù fún ẹ, bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Lọ lo oṣù mẹ́ta níbi tí wọn ò ti gbọ́ èdè ẹ, wá iṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé wákàtí mẹ́fà péré ni bọ́ọ̀sì fi débẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín nìyí. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti rìn ní ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí wọ́n máa kọ bí wọ́n ṣe ṣe é, iye tó ná wọn, ìwé tí wọ́n gbà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́nà, ibi tí wọ́n ti fẹ́ lù wọ́n ní jìbìtì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ fọ́tò nìkan. Kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún òbí tó bá fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè, kí ọmọ náà dáhùn níbẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó béèrè tiẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan